Yvonne Brewster: ṣé ẹni tí kò rí ipa kó ni í di olùdarí àti olùkọ́ tíátà?

Ìbéèrè òǹkàwé kan láti Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ tíátà ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ sì ti kọ̀ jálẹ̀. Yvonne Brewster ni ọmọ náà ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa, obìnrin ará Jàmáíkà tó di òṣèré, olùdarí eré àti olùkọ́ ní Ìlú Ọba. Mo ka díẹ̀ nípa ìyá náà, mo sì rí i pé eré tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Dídarí àti kíkọ́ni ló gba ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé iṣẹ́ òṣèré ló kọ̀ ọ́ tó fi yà síbòmíràn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, irú àpẹẹrẹ wo nìyẹn?

* * *

Ẹ kú ìbéèrè, ìyá ọmọ. Gbogbo òṣèré tó bá di olùkọ́ ni wọ́n máa ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nípa rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ibi tí ẹni tí ìtàgé ti lé dànù ń forí pamọ́ sí ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn mìíràn ní ipò ọ̀gá ni dídarí eré, pé ìgbéga ló jẹ́ fún òṣèré tó bá dé ibẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni lọ nínú wọn. Lójú tèmi, Brewster kò sá kúrò nídìí eré, kò sí ẹni tó sì gbé e ga kúrò nídìí rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò sí nílẹ̀ ló ń dá sílẹ̀, ẹni tó bá sì ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ kì í sábà ráyè ṣe òṣìṣẹ́ níbẹ̀.

Ìlú Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1938, nínú ìdílé tí ọwọ́ wọn tó ẹnu, tí iṣẹ́ ìsìnkú sì wà lára òwò wọn. Ìdí nìyẹn tó fi pe ìwé ìtàn ayé ara rẹ̀, tó jáde ní 2004, ní The Undertaker's Daughter. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́langba, bàbá rẹ̀ mú un lọ wo eré kan tí Jean-Paul Sartre, òǹkọ̀wé ará Faransé, kọ, ní Ward Theatre. Òṣèrébìnrin kan wà nínú eré náà, Mona, tí gbogbo Ìlú Ọba wá mọ̀ sí Mona Hammond lẹ́yìn náà. Ọmọ náà wo Mona títí, ó sì pinnu pé iṣẹ́ tí òun náà yóò ṣe nìyẹn. Òṣèré ló fẹ́ dà. Kò sí ẹni tó lè jiyàn ìyẹn.

Ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1950 ni ó gba Ìlú Ọba lọ, sí ilé-ẹ̀kọ́ Rose Bruford ní Sidcup. Wọ́n máa ń kà á sí ọmọbìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó kọ́ iṣẹ́ eré ní ilé-ẹ̀kọ́ tíátà ní ilẹ̀ náà. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ ni pé ọjọ́ tí òun dé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti sọ fún òun pé òun kò ní ríṣẹ́ ṣe ní Ìlú Ọba láéláé. Ohun tí àwọn tó ń tún ìtàn yìí sọ kì í fi kún un ni irú ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́. Rose Bruford tó dá a sílẹ̀ ní 1950 jẹ́ olùkọ́ ohùn, ète rẹ̀ sì ni pé kí ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lè ṣe eré kí ó sì lè kọ́ni ní eré. Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ tí Brewster ṣe lẹ́yìn náà wà nínú ẹ̀kọ́ tó sanwó fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá a lẹ́yìn tí nǹkan bàjẹ́.

* * *

Òǹkàwé mìíràn já lu ọ̀rọ̀:

Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ ọ́. Wọ́n ní kò ní ríṣẹ́, ó sì padà sílé lọ kọ́ àwọn ọmọ. Kí ni ẹ tún ń jà fún?

* * *

Ó padà sílé lóòótọ́, ó kọ́ni, ó sì ṣiṣẹ́ rédíò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ní 1965, òun àti Trevor Rhone, tí òun náà jáde ní Rose Bruford, àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn kó ara jọ láti dá ẹgbẹ́ tíátà sílẹ̀ ní Kingston. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Theatre '77, nítorí ìṣirò wọn ni pé ọdún 12 ni yóò gbà kí òṣèré tó lè máa fi tíátà nìkan jẹun ní Jàmáíkà. Gáréèjì ilé àwọn òbí Brewster ni wọ́n sọ di ìtàgé, wọ́n sì pè é ní The Barn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe Smile Orange, eré tí Rhone kọ nípa àwọn òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tó ń gbọ́ bùkátà lára àwọn àlejò òyìnbó, ní 1971.

Ẹni tó bá ti ṣe eré ní ibi tí kì í ṣe ilé tíátà rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Èmi náà ti darí eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìbàdàn, ní gbọ̀ngàn tí a háyà lọ́wọ́ ìjọ kan. Nígbà tí ìran kejì ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀yìn ilé ni mo wà, tí mò ń bá ẹni tó ni jẹnẹrétọ̀ fa ọ̀rọ̀ epo dísẹ́ẹ̀lì. Ó ní lítà tí a san owó rẹ̀ ti tán, òun yóò sì pa á bí a kò bá fi kún un. Mo gbọ́ tí àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín nínú ilé, n kò sì mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò wọ aṣọ eré ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Níbi tí kò bá ti sí ilé, tí kò sí owó, tí kò sì sí olùdarí tí a lè gbà, ẹni tó bá ní gáréèjì àti ìgboyà ni yóò darí. Brewster di olùdarí nítorí pé iṣẹ́ náà wà nílẹ̀ láìní ẹni tí yóò ṣe é, kì í ṣe nítorí pé ó ti sọ ìrètí ìtàgé nù.

* * *

Mo rí i pé àwọn kan ti yà sí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Wọ́n ní ó padà sí Ìlú Ọba ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó darí eré díẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1982 sí 1984 ó lọ jókòó sí ẹ̀ka eré ní Arts Council, ìgbìmọ̀ tó ń pín owó ìjọba fún iṣẹ́ ọnà. Wọ́n ní ṣé iṣẹ́ òṣèré nìyẹn?

Kì í ṣe iṣẹ́ òṣèré. Èmi sì gbà pé ọdún méjì yẹn ló wúlò jù lọ fún àwọn òṣèré adúláwọ̀ nínú gbogbo ohun tó ṣe. Ní Ìlú Ọba, owó tíkẹ́ẹ̀tì nìkan kì í gbé ẹgbẹ́ tíátà kékeré dúró. Owó ìjọba ni wọ́n ń gbójú lé, oríṣi méjì sì ni owó náà: èyí tí wọ́n fún ọ láti fi ṣe eré kan ṣoṣo, àti èyí tó ń wọlé lọ́dọọdún. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba ti àkọ́kọ́ nìkan yóò máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò lè gba òṣìṣẹ́ sílé, kò lè ṣèlérí fún òǹkọ̀wé. Ẹni tó ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìbéèrè owó mọ ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń já ìwé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ní 1985, kò pẹ́ tó kúrò níbẹ̀, ni òun àti Mona Hammond, òṣèrébìnrin inú eré Kingston yẹn, pẹ̀lú Carmen Munroe àti Inigo Espejel, dá Talawa, ẹgbẹ́ tíátà àwọn adúláwọ̀, sílẹ̀. Ẹ wo àkókò tí wọ́n yàn. Ìjọba Thatcher ti pinnu láti tú Greater London Council, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú London, ká ní òpin oṣù kẹta ọdún 1986, ìgbìmọ̀ náà sì ṣì ní owó lọ́wọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀. Owó yẹn ni Talawa fi gbé The Black Jacobins ti C. L. R. James jáde ní Riverside Studios ní Hammersmith, ní ìbẹ̀rẹ̀ 1986, pẹ̀lú Norman Beaton gẹ́gẹ́ bí Toussaint L'Ouverture, aṣáájú àwọn ẹrú tó dìde ní Haiti. Ní 1936, Paul Robeson ti ṣe Toussaint nínú eré tí James kọ nípa ọkùnrin náà ní London. Àádọ́ta ọdún gbáko ló wà láàárín méjèèjì. Bí Brewster bá ti lo oṣù mẹ́fà sí i láti máa wá ipa kó ní tẹlifíṣọ̀n, ìgbìmọ̀ náà ì bá ti túká, owó náà ì bá sì ti bá a lọ.

* * *

Òǹkàwé kan ní London bi mí báyìí:

Ẹ jọ̀ọ́, bí owó bá ṣọ̀wọ́n tó báyẹn, kí ló dé tó fi ń ná an sórí Oscar Wilde àti Shakespeare? Ṣé àwọn òyìnbó kò rówó ṣe tiwọn ni?

* * *

Ìjà àtayébáyé nìyí, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1989, Talawa ṣe The Importance of Being Earnest ti Wilde pẹ̀lú àwọn òṣèré adúláwọ̀ nìkan, Mona Hammond sì ni Lady Bracknell. Ní 1991, wọ́n ṣe Antony and Cleopatra ti Shakespeare. Dona Croll ni Cleopatra, Jeffery Kissoon ni Antony, Croll sì ni wọ́n kà sí obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó kó ipa ayaba náà nínú eré àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ní ilẹ̀ náà. King Lear, ti Shakespeare náà, tẹ̀lé e ní 1994, pẹ̀lú Ben Thomas. Àwọn alátakò ní ó ń wá oríyìn òyìnbó ni, wọ́n sì ń tọ́ka sí OBE, oyè ọlá Ìlú Ọba, tó gbà ní 1993.

Mo gbà pé gbogbo owó tó bá eré Wilde lọ jẹ́ owó tí kò dé ọwọ́ òǹkọ̀wé tuntun kan. Ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ ni mo fi ń wo àwọn eré wọ̀nyẹn. Àwọn òṣèré tó wà níbẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń mí sí gbólóhùn gígùn láìgé e, bí a ṣe ń gbé ìlà ewì dé ìparí kí ohùn má ṣe já lulẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì àti olè ni wọ́n ń pè wọ́n wá ṣe, níbi tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ẹ̀kọ́ tí a kò bá lò a máa ṣí kúrò lára. Obìnrin tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní Sidcup nígbà tí wọ́n ń sọ fún un pé kò ní rí ibi tí yóò ti sọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó gbé Cleopatra lé Dona Croll lọ́wọ́.

Ẹ má sì jẹ́ ká dárúkọ ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kí a fi ìdajì sílẹ̀. Ó darí eré Derek Walcott àti ti Dennis Scott, àwọn òǹkọ̀wé Káríbíánì, ó sì darí eré Lorca, òǹkọ̀wé ará Sípéènì, ní National Theatre ní 1991. Ó tún ṣe olóòtú ìdìpọ̀ mẹ́ta Black Plays, àkójọ eré àwọn òǹkọ̀wé adúláwọ̀, tó jáde ní 1987, 1989 àti 1995. Eré tí kò bá sí ní ìwé kú tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ìtàgé ká, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó lè tún un ṣe, kò sì sí olùkọ́ tó lè fi kọ́ ọmọ. Èmi ka iṣẹ́ olóòtú yẹn mọ́ iṣẹ́ olùkọ́.

* * *

Ẹnìkan láti Ilé-Ifẹ̀ kọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú pé ọdún 1989 kan náà ni ẹgbẹ́ yìí ṣe The Gods Are Not to Blame ti Ọlá Rótìmí ní London. Ó ní àwọn ará Jàmáíkà àti Trinidad kò lè ṣe Ọdẹ́wálé, ọba inú eré náà, pé wọn yóò pe orúkọ àwọn ènìyàn inú eré bàjẹ́, wọn yóò sì fi ọfọ̀ ṣe orin.

* * *

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ifẹ̀ yín náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré yẹn ní 1968, ẹni tó sì kọ ọ́, tí ọdún tí wọ́n bí i bá ti Brewster dọ́gba, Sàpẹ́lẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjọ́, ó sì kọ́ iṣẹ́ tíátà ní Boston àti Yale. Ìtàn ọba ilẹ̀ Gíríìkì kan ló gbé wá sí ìlú Kútùjẹ̀. Bí a kò bá bínú sí i pé ó mú Oedipus wálé, kí la fẹ́ fi dí Brewster lọ́wọ́ láti mú Ọdẹ́wálé lọ sí Hammersmith?

Ọ̀rọ̀ pípè jẹ́ ìṣòro gidi, ṣùgbọ́n ìṣòro rìhásà ni, ó sì ní ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí mo ń darí eré yìí kan náà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ Calabar kan ló ní ohùn àti ìdúró tí ọba nílò. Àwọn ọmọ Yorùbá inú ẹgbẹ́ yarí. Mo pe onígángan wa, mo ní kó máa fi ìlù pe orúkọ kí ọmọkùnrin náà tó fi ẹnu pè é. Ó ń lù ú, ọmọ náà ń tẹ̀lé e, wọ́n ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun. Nígbà tí a dé ìran oko, níbi tí bàbá arúgbó ti wá bá Ọdẹ́wálé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ lórí iṣu inú oko, tó sì bú ẹ̀yà rẹ̀, ọmọ Calabar náà kò pariwo bí àwọn tó ti ṣe é ṣáájú ti máa ń ṣe. Ó dákẹ́, ó wo ilẹ̀, ó rọra gbé ọkọ́ sókè. Ẹni tí wọ́n ti bú ẹ̀yà rẹ̀ rí láàárín àwọn àjèjì kò nílò kí olùdarí ṣàlàyé ìran yẹn fún un. Ìjà ẹ̀yà yẹn gan-an ni Rótìmí sì ń fi eré náà sọ fún Nàìjíríà nígbà ogun Biafra. Àwọn ọmọ Káríbíánì tó dàgbà sí Brixton àti Liverpool mọ irú èébú bẹ́ẹ̀ dunjú.

Nígbà tí Talawa wá rí ilé tíátà gbà ní 1992, The Road ti Ṣóyínká wà lára eré tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀. Èmi kò rí àbùkù kankan nínú ìyẹn fún Yorùbá.

* * *

Ìyá ọmọ padà wá:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wá sọ fún bàbá rẹ̀? Ó ní ta ni yóò máa bọ́ ọ?

* * *

Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wo ìwé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà fẹ́ kà, kí wọ́n má wo orúkọ yunifásítì nìkan. Bí kò bá sí kíkọ́ni níbẹ̀, kí ó fi ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kún un. Kí ó sì kọ́ bí a ṣe ń ṣírò owó eré, nítorí mo ti rí òṣèré tó dáńgájíá tí kò lè kọ ìwé ìbéèrè owó ojú ewé méjì. Ní ti ipa kíkó, ẹ má bẹ̀rù pé ẹni tó bá yà díẹ̀ kò ní padà. Nígbà tí Brewster ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó wà lára àwọn òṣèré Doctors, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, níbi tí ó ti ṣe Ruth Harding ní 2000 sí 2001.

Síbẹ̀, n kò ní tàn yín. Ó san nǹkan kan sí i. Àwọn ọdún tó yẹ kí òṣèrébìnrin fi kó àwọn ipa ńláńlá, láti ọgbọ̀n sí àádọ́ta, àwọn ẹlòmíràn ló ń fi àwọn ipa náà fún. Bí Cleopatra tirẹ̀ ì bá ti rí, kò sí ẹni tó wò ó.

* * *

Ìbéèrè tó kù ni ti ilé. Ẹnìkan ní kò yẹ kí Brewster fi agbára ṣòfò lórí wíwá ilé tíátà, pé ẹgbẹ́ tó bá ń rìn káàkiri ń ná owó díẹ̀, ó sì ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

N kò gbà. Láti 1992 sí 1995 ni Talawa fi lo Cochrane Theatre ní Holborn, kò sì sí ẹgbẹ́ adúláwọ̀ kankan tó ní ilé tirẹ̀ ní àárín gbùngbùn London ṣáájú ìgbà náà. Ẹgbẹ́ tó ń rìn káàkiri máa ń dé gbọ̀ngàn olówó, yóò gbé ẹrù sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣeré, yóò kó ẹrù, kò sì ní mọ ẹni tó wá wò ó. Ẹni tó ní ilé ló ń mọ orúkọ òǹwòran rẹ̀. Òun ló lè ní kí òǹkọ̀wé wá jókòó ní ọ̀sán kí òṣèré ka ìran tí kò tíì parí fún un. Ètò àwọn ọ̀dọ́ tí Talawa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ó sì ṣì ń lọ lẹ́yìn tí Brewster ti kúrò. Michaela Coel, òṣèré àti òǹkọ̀wé tẹlifíṣọ̀n, wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn Cochrane, ẹgbẹ́ náà padà sí gbígbé ẹrù kiri. Ètò láti kọ́ ilé tuntun ní Victoria fìdí rẹmi ní 2005, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó yẹ kó fún wọn lówó fà sẹ́yìn. Ọdún 2019 ni wọ́n tó rí ibùdó tiwọn ní Fairfield Halls ní Croydon, níbi tó jìnnà sí Holborn dáadáa. Ẹ wá ṣírò láti 1995 sí 2019, kí ẹ sì sọ fún mi pé ẹgbẹ́ tó ń rìn káàkiri ń ná owó díẹ̀.